Fídíò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Nínú Ẹjọ́ Ìwakùwà: Kí Ni Ilé Ẹjọ́ Ń Béèrè?

Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ní Òkè-Àfà, tàbí tó ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Èjìgbò àti Ìkòtún, mọ ohun tá a fẹ́ sọ yìí dáadáa. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni. Ọkọ̀ ti tò láti ẹnu ọ̀nà Ẹ́sítéètì Jákáǹdè, kò sì sí èyí tó ń lọ. Lójijì, dánfó kan já sí òdìkejì títì, ó kọjú sí àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀, ó ń tan iná sí wọn lójú. Kọ̀ńdọ́ rẹ̀ so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nawọ́ pé kí wọ́n yà fún àwọn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì tẹ̀ lé e lẹ́yìn, bí ẹni pé ó ti la ọ̀nà fún wọn. Ọmọ kan tó gbé omi inú ọ̀rá lórí sáré bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà kí wọ́n má bàa gbá a.

Láyé ọjọ́un, àwọn tó ń wòran á ṣépè, wọ́n á mi orí, ó tán. Lóde òní, fóònù ni wọ́n ń yọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, fídíò yẹn á ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí tó wà ní Ìbàdàn, ní Kútọnu àti ní Peckham nílùú London, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ìjọba mú awakọ̀ náà kíákíá.

Àwọn ará kan ti bi wá léèrè nípa ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè wọn kò sì lọ́jú pọ̀. Bí ojú gbogbo ayé bá ti rí ohun tí ọkùnrin náà ṣe, kí ló tún kù? Kí ló dé tí wọn kì í kàn gbé e lọ síwájú adájọ́, kí wọ́n fi fídíò náà hàn án, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀? Ṣebí àwọn àgbà ló sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà?

Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn, àmọ́ ó yẹ ká fara balẹ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ń gba fídíò wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ohun tí kì í gbà ni fídíò tí kò ní ẹnì kankan lẹ́yìn. Ilé ẹjọ́ á fẹ́ mọ ẹni tó yà á, ẹ̀rọ tó fi yà á, àti bó ṣe kúrò nínú ẹ̀rọ yẹn títí tó fi dé iwájú adájọ́. Bí kò bá sí ẹni tó lè dáhùn, fídíò tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti wò lè má wúlò tó ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá alákàrà kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì lọ́jọ́ náà, tó sì ṣe tán láti wá sọ ohun tó rí.

Fídíò lè mú kí ìjọba dìde

A kò sọ pé fídíò kò lágbára. Àwa tí a wà ní agbègbè Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ ti rí agbára rẹ̀. Ní May 12, 2022, àwọn ọlọ́kadà lu ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn pa ní Lẹ́kì, wọ́n sì dáná sun ún, lórí awuyewuye owó ọkọ̀ tí kò tó nǹkan. Àwọn èèyàn ya ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ó sì tàn káàkiri. Ní May 18, ọjọ́ 6 péré lẹ́yìn náà, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú kéde pé láti June 1, ọ̀kadà kò gbọ́dọ̀ rìn mọ́ rárá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, ìyẹn Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Lagos Island, Lagos Mainland àti Àpápá. Nígbà tó di September 1 ọdún yẹn kan náà, wọ́n fi ìjọba ìbílẹ̀ 4 kún un: Kósọ́fẹ́, Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Mùṣín. Bí òfin náà ṣe kan Òkè-Àfà nìyẹn.

Ìjọba ní àwọn ìdí mìíràn o. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa jàǹbá ọ̀kadà àti ìwà ọ̀daràn láti ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Òfin ìrìnnà ọdún 2012 ti ká ọ̀kadà lọ́wọ́ kò lójú ọ̀pọ̀ títì, wọ́n sì tún ṣe irú rẹ̀ ní February 2020. Àmọ́ kò sẹ́ni tó gbé Èkó lọ́sẹ̀ yẹn tí kò mọ̀ pé ohun tí gbogbo èèyàn rí lórí fóònù wọn ló mú ọ̀rọ̀ náà gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Gómìnà lè torí ohun tó ń bí aráàlú nínú ṣe òfin tó kan gbogbo ọlọ́kadà, àti ẹni tó ń gùn ún níwàkuwà àti ẹni tí kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni rí. Adájọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró síwájú rẹ̀, abala 36 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè wa sì ti sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni náà títí wọ́n á fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi. Abala 135 nínú Òfin Ẹ̀rí tún sọ pé ẹ̀rí náà gbọ́dọ̀ dájú débi tí iyèméjì tó bọ́gbọ́n mu kò fi ní ṣẹ́ kù.

Òfin kò di ojú rẹ̀ sí ẹ̀rọ

Àwọn kan gbà pé òfin wa ti gbó jù láti mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1969, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ilé iṣẹ́ Esso West Africa àti Oyègbọlá, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ pé kò yẹ kí òfin ṣe bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà ìgbàlódé táwọn oníṣòwò ń gbà ṣàkọsílẹ̀, títí kan kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1987, nínú ẹjọ́ Anyaebosi àti R. T. Briscoe, ilé ẹjọ́ kan náà gba àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde wọlé. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé Òfin Ẹ̀rí tí wọ́n ń lò nígbà náà ti wà láti ọdún 1945, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso, kò sì sọ ohunkóhun ní pàtó nípa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ní June 2011 ni Òfin Ẹ̀rí tuntun jáde. Abala 258, níbi tí òfin náà ti ń túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀, ka fíìmù, téèpù àti ohun èlò èyíkéyìí tí wọ́n tọ́jú àwòrán sí mọ́ ohun tó ń jẹ́ ìwé. Ó tún sọ pé kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ èyíkéyìí tó ń tọ́jú ìsọfúnni tó sì ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Nítorí náà, lójú òfin, fóònù tó wà lápò yín kọ̀ǹpútà ni, fídíò tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìwé. Abala 84 ló wá sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ilé ẹjọ́ tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣàtúnṣe sí òfin náà ní ọdún 2023, wọ́n sì dárúkọ àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ ní tààrà níbẹ̀, àmọ́ wọn kò yọ abala 84 kúrò.

Ẹjọ́ tó kọ́ àwọn agbẹjọ́rò lọ́gbọ́n jù lọ lórí abala yìí kì í ṣe ẹjọ́ ọkọ̀ rárá. Ẹjọ́ ìdìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Bayelsa ni, ìyẹn ẹjọ́ Kubor àti Dickson, tó dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Àwọn tó pẹjọ́ mú ìròyìn kan láti inú ìwé ìròyìn Punch ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n tún mú ìwé mìíràn láti ìkànnì àjọ elétò ìdìbò, INEC. Wọ́n tẹ̀ wọ́n sórí bébà, agbẹjọ́rò wọn sì fi wọ́n síwájú ilé ẹjọ́ láti ibi tó dúró sí. Kò sí ẹlẹ́rìí tó wá sọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbé e jáde, tàbí bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé wọn kò ṣe ohun tí abala 84 béèrè, nítorí náà àwọn ìwé méjèèjì kò ṣeé gbà. Kò di dandan kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ fi hàn pé irọ́ ló wà nínú wọn. Ohun tí kò sí ni ẹni tó máa dúró fún wọn.

Bí ohun tí ìwé ìròyìn ńlá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì bá lè ṣubú bẹ́ẹ̀, ẹ lè fojú inú wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí fídíò tó ti gba ọwọ́ èèyàn ogójì kọjá.

Bí fídíò ṣe ń pàdánù agbára rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sí Òkè-Àfà. Ká ní dánfó yẹn kọlu ọmọ tó gbé omi. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kán, awakọ̀ sì sá lọ. Arákùnrin kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òdìkejì, ó sì ti ya gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú bí i, ó fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò. Ẹnì kan níbẹ̀ gbé e lọ sórí Facebook. Ẹlòmíràn gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrò, ó fi orin sí i, ó sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé Ìyànà-Ìpájà ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yà yẹn ló wá tàn kálẹ̀, òun náà ló sì dé ọwọ́ ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Ọlọ́pàá náà mú fídíò jáde. Agbẹjọ́rò awakọ̀ dìde, ó bi í bóyá òun ló yà á. Ó ní rárá. Bóyá ó wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀? Rárá. Bóyá ó mọ ẹni tó yà á? Kò mọ̀ ọ́n. Ta ló gé e? Kò mọ̀. Ṣé Òkè-Àfà ni àbí Ìyànà-Ìpájà? Ọlọ́pàá náà dákẹ́. Lóòótọ́, ó lè fọwọ́ sí ìwé nípa kọ̀ǹpútà tí òun fúnra rẹ̀ fi gbé fídíò náà jáde, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohunkóhun nípa fóònù tó rí ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Bàbá ọmọ náà sì wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, ó ń gbọ́ ọ.

Ohun tí abala 84 ń fẹ́ kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ó ń fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò déédéé ni wọ́n fi ṣe é, pé irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀rọ náà nínú ìlò rẹ̀ ojoojúmọ́, pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ lásìkò náà, àti pé ohun tó wà níwájú ilé ẹjọ́ wá láti inú ohun tó wọ inú ẹ̀rọ náà. Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà á kọ nǹkan wọ̀nyí sínú ìwé ẹ̀rí, á sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́ àti bó ṣe gbé fídíò náà jáde, á sì fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rìí tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ náà tún lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nílé ẹjọ́. Arákùnrin orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn lè ṣe gbogbo èyí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Òun nìkan ló sì lè ṣe é dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nípa WhatsApp tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ẹ bá fi fídíò ránṣẹ́ bí a ṣe sábà máa ń ṣe, WhatsApp máa ń fún un pọ̀ kó lè yára lọ, àwòrán rẹ̀ á sì dínkù. Nọ́ńbà ọkọ̀ tó hàn ketekete nínú fóònù tí wọ́n fi yà á lè ti di fìrìfìrì lọ́wọ́ ẹni kẹta. Àwọn ìsọfúnni tí fóònù fúnra rẹ̀ kọ mọ́ fídíò náà, irú bí ibi tí wọ́n ti yà á, kì í sábà bá a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á. Bí ó bá pọn dandan pé kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò tàbí ọlọ́pàá, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí fídíò, kí ẹ sì jẹ́ kí ti inú fóònù wà níbẹ̀ láìfọwọ́kàn. Ẹ má gé e. Ẹ má kọ nǹkan sí i lára.

Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀. Fídíò àtijọ́ máa ń padà wá bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, ti ìlú mìíràn sì máa ń di ti àdúgbò ẹni. Ní báyìí, ẹ̀rọ tiẹ̀ lè ṣẹ̀dá àwòrán ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rárá. Òkè-Àfà kì í ṣe ibi tó yẹ ká ti máa ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni ohun tí ìpayà lè fà níbi tí kò ti sí ìsọfúnni tó dájú. Ní alẹ́ January 27, 2002, nígbà tí bọ́ǹbù ń bú gbàù ní bárékè ológun Ìkẹjà, àwọn èèyàn kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n kàn ń sá tẹ̀ lé ara wọn nínú òkùnkùn ni. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ló kó sínú odò kánàálì wa tó sì kú síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Ọ̀rọ̀ yẹn tóbi ju ti awakọ̀ kan lọ, a ò sì fi wọ́n wéra. A kàn mẹ́nu kàn án nítorí pé bí wọ́n bá fi àwòrán awakọ̀ kan ránṣẹ́, tí wọ́n ní òun ló pa ọmọ, àwọn ọ̀dọ́ tó máa dìde sí i ní ibùdókọ̀ kì í dúró béèrè ọjọ́ tí wọ́n yà á.

Ta ló wà nídìí ọkọ̀?

Ká ní fídíò náà wọlé. Ẹjọ́ kò tíì parí. Nọ́ńbà ọkọ̀ máa ń fi ẹni tó ni ọkọ̀ hàn ni, kì í ṣe ẹni tó wà á. Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí lágbègbè wa. Opó kan lè fi owó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ra dánfó, kó gbé e fún awakọ̀ kó máa mú iye kan wá lójoojúmọ́. Awakọ̀ yẹn náà lè gbé e fún ẹlòmíràn ní ọ̀sán láti fi sinmi. Bí fídíò bá fi ẹ̀yìn ọkọ̀ nìkan hàn, ta ni wọ́n fẹ́ pè lẹ́jọ́? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré, nítorí pé ní Èkó, ilé ẹjọ́ lè gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ tó bá gba wọn-wéè, kí ó sì di ti ìjọba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ìjọba ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó lé ní 100 ní gbàǹjo, àwọn tó ni wọ́n sì wà lára àwọn tó dúró tí wọ́n ń wò ó.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń lo irú fídíò yìí ju tiwa lọ, ẹjọ́ kan wáyé tó fi hàn pé fídíò tó mọ́ kedere pàápàá lè má tó. Ní April 2021, Mike van Erp, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri London tí kámẹ́rà sì wà ní àṣíborí rẹ̀, ya Frank Lampard, agbábọ́ọ̀lù Chelsea tẹ́lẹ̀ rí, nínú ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ń lo fóònù lọ́wọ́ níbi tó ti ń wakọ̀. Ní January 2022, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fúnra wọn fa ẹjọ́ náà tì, wọ́n ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó. Bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2020, fídíò tí ọkùnrin kan náà yà ti mú kí ilé ẹjọ́ gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ Guy Ritchie tó ń ṣe fíìmù, fún oṣù 6. Ẹni kan náà ló ya méjèèjì. Ohun tí fídíò kọ̀ọ̀kan fi hàn ní pàtó ló yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ eré sísá náà tún wà níbẹ̀. Èèyàn á wo fídíò, á ní, "Ẹ wò ó bó ṣe ń fò!" Ṣùgbọ́n abala 203 nínú Òfin Ẹ̀rí wa sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi eré àsápajúdé lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó kàn sọ pé lójú òun, eré náà ti pọ̀ jù. Òṣìṣẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ, tó ń lo ẹ̀rọ tó ń wọn eré, tó sì mú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà wá, nìkan ni kò nílò ẹlẹ́rìí kejì. Àwọn tó mọ Òfin Mósè lára àwọn òǹkàwé wa á rí i pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta kì í ṣe ohun tuntun. Ìdí nìyẹn tí gbígba wọn-wéè fi rọrùn láti fi fídíò jẹ́rìí sí ju eré sísá lọ: bóyá ọkọ̀ kọjú síbi tí kò yẹ kó kọjú sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìméfò.

Ìdí tí ti òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń yá

Àwọn kan ń bínú pé ẹjọ́ táwọn òṣìṣẹ́ LASTMA bá gbé wá máa ń yára ní ilé ẹjọ́ alágbèéká tó wà ní Oṣòdì, tí ti aráàlú sì máa ń fà. Kò ṣòro láti lóye. Òṣìṣẹ́ náà ló rí i, òun ló mú un, òun náà ló máa jẹ́rìí. Láti ọdún 2021 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fún àwọn kan nínú wọn ní kámẹ́rà tí wọ́n ń so mọ́ àyà, ẹ̀rọ tí ìjọba ń lò déédéé tún ti wà níbẹ̀ láti ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Ní ọdún 2012, nígbà tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fúnra rẹ̀ mú kọ́nẹ́ẹ̀lì ológun kan tó ń wakọ̀ lójú ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì BRT, gbogbo Nàìjíríà ló wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Síbẹ̀, ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn lágbára ni pé ẹni tó rí i wà níbẹ̀, a mọ orúkọ rẹ̀, kò sì sá fún ohun tó sọ.

Àwọn ọlọ́pàá àríwá Wales ti wá ọ̀nà láti mú kí aráàlú náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2016, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Operation Snap, àwọn ọlọ́pàá míì sì ti tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá ya ìwakùwà á fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá ní tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á kọ ohun tó rí, á sì gbà pé òun á wá jẹ́rìí bí wọ́n bá pe òun. Kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀, nítorí pé fún irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, òfin wọn fẹ́ kí ìwé ìkìlọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀ láàárín ọjọ́ 14, ẹni tó ni ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó wà á lọ́jọ́ náà. Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni pé wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó mú fídíò wá pé kó má ṣe gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bó bá sì ti gbé e síbẹ̀, kó yọ ọ́ kúrò títí ẹjọ́ á fi parí. Wọn kò fẹ́ kí àwọn ẹlẹ́rìí ti wò ó léraléra kí wọ́n tó sọ ohun tójú wọn rí.

Ohun tó kan àwọn ìjọ wa

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ níwájú yín, ẹni tó fara pa ló ṣáájú fóònù. Ẹ pe 112 tàbí 767 ní Èkó, tàbí 122 ti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Bí àwọn míì bá ti ń ṣaájò ẹni náà, tí ẹ kò sì sí nídìí ọkọ̀ fúnra yín, ẹ lè yà á. Ẹ jẹ́ kí ó gùn díẹ̀, kí ìbẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, kí pátákó ilé ìtajà kan tàbí orúkọ àdúgbò hàn, kí nọ́ńbà tí wọ́n kùn sí ara dánfó náà hàn, àti ojú awakọ̀ bó bá ṣeé ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi tí ẹ dúró sí àti ohun tí ẹ rí sórí ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù yín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín, ẹ sọ ohun tí ẹ rí kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè orúkọ ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ Òfin Orílẹ̀-èdè láti bi ẹlẹ́rìí tó bá jẹ́rìí lòdì sí i léèrè ọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ má retí pé fídíò á lọ ní ipò yín.

Ní ti ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ọ̀pọ̀ ìjọ tó wà lẹ́bàá títì láti Ìsọlọ̀ títí dé Èjìgbò ló ti ní kámẹ́rà lẹ́nu géètì báyìí. Olè ni wọ́n rà á fún, ṣùgbọ́n ojú títì ló ń wò láàárọ̀ àti lálẹ́. Àkọsílẹ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ohun tí abala 84 ń fẹ́ mu ju fóònù ẹnikẹ́ni lọ, torí pé ojoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́ kan náà. Ẹ yan ẹnì kan, akọ̀wé ìjọ tàbí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ, tí ó lè fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí bí ilé ẹjọ́ bá béèrè. Ẹ tún aago ẹ̀rọ náà ṣe. (A ti rí èyí tí déètì rẹ̀ ṣì wà ní January 1, ọdún 2000, agbẹjọ́rò wo ni kò ní fi ìyẹn ṣẹ̀sín?) Ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí máa ń pa ti àtijọ́ rẹ́ láti fi ti tuntun sí i, nígbà míì láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, nítorí náà kí ẹni tó ń bójú tó o gbé ti ọjọ́ jàǹbá sọ́tọ̀ kó tó di ọ̀la.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi fídíò jàǹbá ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp ìjọ, kí alága ẹgbẹ́ náà dá a dúró níbẹ̀, kó sì wá ẹni tó kọ́kọ́ yà á rí. Àwòrán ẹni tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí lórí fóònù kí wọ́n tó wá sọ fún un. A kì í sì í dárúkọ ẹnikẹ́ni ní ọ̀daràn lórí pẹpẹ nítorí ohun tá a rí lórí fóònù, torí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àwọn baba wa pè ní àgbà òṣìkà.

Ẹlẹ́rìí máa ń rẹ̀. Wọ́n á sún ẹjọ́ sí oṣù tó ń bọ̀, adájọ́ kò ní jókòó lọ́jọ́ yẹn, agbẹjọ́rò á ní ara òun kò yá, awakọ̀ náà á sì máa rán àwọn èèyàn wá bẹ ẹlẹ́rìí nílé pé kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Arákùnrin orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù tó ń tì ní gbogbo ìgbà tó bá lọ sílé ẹjọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ìjọ yín, ẹ fún un lówó ọkọ̀, kí alàgbà kan sì bá a lọ jókòó níbẹ̀ títí wọ́n á fi pe orúkọ rẹ̀.